Wọ́n Ní Kí N Sọ Pé Orí Ọmọ Mi Kò Pé

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá. Ẹ sáà pè mí ní ìyá kan ní Ìrẹmọ.

Ọmọbìnrin mi mọ eré sá, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kéré. Kí àwọn elétò eré ìdárayá tó gbà á sí ìdíje àwọn ọmọ tí òye wọn kéré, èmi ìyá gbọ́dọ̀ fẹnu ara mi sọ níwájú wọn pé orí rẹ̀ kò pé.

Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ìyá kì í bọ́ sílẹ̀. Ṣé o fẹ́ ṣépè fọ́mọ ni?”

Mo kàwé, n kò gba èyí gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi mí lánàá, n kò lè sọ ọ́. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọmọ náà ní, “Màámi, ṣebí ẹ mọ̀ pé mi ò mọ aago wò. Ẹ sọ fún wọn, kí n lè sáré.”

Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ óò sọ ọ́?