Ọrùn Saimi, Ọrùn Vilja

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kìn-ín-ní

Inú sáúnà, yàrá ooru tá a ti ń wẹ̀. Mo fọwọ́ tẹ ọrùn àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì bí mo ṣe máa ń ṣe. Kókó ọrùn Vilja ti rọ̀, ti Saimi le. Bẹ́ẹ̀ ti Saimi ló rọ̀ ní Sátidé tó kọjá, tí ti Vilja le koko. Ṣé ìka mi ló ń purọ́ ni?

Ìdílé Ensio ọkọ mi ni àìsàn yìí ti wá. Àìsàn náà ló pa ìyá Ensio. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àrùn á kàn ya wèrè, kókó á wú, ibà á dé. Láti ìgbà ìwọ́wé làwọn ọmọ mi ti wà nínú ìdánwò oògùn tuntun — ìgò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ oògùn gidi, ó lè jẹ́ ẹfun lásán tí kò ní oògùn nínú. Dókítà fúnra rẹ̀ ò mọ̀ — ohun tó sọ nìyẹn. Bí kókó bá súnkì, oògùn ṣiṣẹ́. Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ní ọsibítù yẹn.

Ensio ní kí n fọkàn balẹ̀. Òun tí kì í sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Onísùúrù — orúkọ tí mo sọ dókítà náà nìyẹn, torí "ẹ ní sùúrù" ni kíkí rẹ̀ — fi àwòrán tí ẹ̀rọ yà hàn mí. Ó ń họ imú. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìdánwò, kókó àwọn kan ti súnkì dáadáa, ti àwọn kan ò yí padà rárá. Àwọn ọmọ mi nìkan ló há sáàárín. "Ìyá Saimi, àfi bíi pé oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ sùn lálẹ́." Àwàdà ló fi ṣe. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá àwọn ló ń pààrọ̀ ohun tó wà nínú ìgò. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Vilja sáré wúkọ́. Saimi ń wo bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Ti Saimi rọ̀. Ti Vilja le. Àbí jangirọ́fà ni? Ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan wálẹ̀. Mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń gbàgbé oògùn rẹ̀. Vilja da omi sórí òkúta gbígbóná, ooru bo gbogbo wa, mi ò lè lanu. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọjọ́rú, 22

Mo wọ ilé ìdáná, wọ́n dákẹ́. Ọmọ tí mo bí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Ti Vilja tún rọ̀. A jáde nínú sáúnà, a ń mu kọfí. Pulla, búrẹ́dì dídùn tá a fi ń mu kọfí, ku ẹyọ kan nínú àwo. Saimi gé e sí méjì, ó ti àwo náà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Vilja mú tirẹ̀. Òfin ilé wa nìyẹn láti kékeré wọn, èmi ni mo ṣe é kí ìjà lè tán: ẹni tó bá gé kì í yàn. Ife kọfí dúró lọ́wọ́ mi.

Mo ní, ta ló pín oògùn?

Saimi ní àwọn ò pín in, ìgò làwọn ń pààrọ̀, gbogbo Sátidé lẹ́yìn sáúnà. Vilja ní, "Màmá, bí ọ̀kan bá jẹ́ ẹfun ńkọ́? Ṣé kí ẹnì kan ṣoṣo máa jẹ ẹfun títí ni? Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò sóhun tó wọ ilé yìí tí ẹnì kan máa dá jẹ."

Inú bí mi. Mo pè wọ́n ní òmùgọ̀. Lẹ́yìn náà mo sunkún, mi ò mọ ti èwo.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Ensio ní ká panu mọ́. Wọ́n á lé àwọn ọmọ kúrò nínú ìdánwò. Tá a bá panu mọ́ ńkọ́? Wọ́n á kọ ọ́ pé ìdajì iṣẹ́ ni oògùn náà ń ṣe, wọ́n á pa á tì. Ta ni yóò tún ṣe oògùn fún àwọn ọmọ mi?

Mo sì ti bi wọ́n ẹni tó lo ìgò wo ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo rò ó síwá sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kan bá fi lo ìgò Saimi, ọrùn rẹ̀ á rọ̀. Ìgò Saimi ni gidi. Ti Vilja, ẹfun. Gbogbo ọsibítù ò mọ̀, èmi mọ̀, pẹ̀lú ìka méjì. Ì bá wù mí kí n má mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo pe Onísùúrù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní wọn ò ní ka àwọn méjèèjì kún ìdánwò náà mọ́, ká kó ìgò wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bóyá wọ́n á tún rí oògùn gbà tó bá yá, òun ò lè ṣèlérí. Ó wá ní, "Ìyá Saimi, ṣé ẹ mọ èwo ni —" Ó dúró. "Rárá. Ẹ má sọ fún mi."

Mo sọ fún àwọn ọmọ. Oògùn ku ti ọjọ́ mélòó kan. Saimi gbé ìgò méjèèjì sórí tábìlì, ó tì wọ́n síwájú àbúrò rẹ̀, èyí tó ní orúkọ Saimi ló sún mọ́ Vilja jù. Ó ní, "Yàn."

Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo mọ èyí tó jẹ́ gidi. Vilja fọwọ́ tẹ ọrùn ara rẹ̀ tó rọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìgò tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀, ìgò ẹfun.