Káàdì Tí Joelle Fi Ń Pe Àlejò

Ilé 412, Òpópónà Mechanic,
Decorah, Iowa.
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Arlene ọ̀wọ́n,

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lọ́sẹ̀ yìí nìyí: òrùlé tó ń jò, eyín mi apá òsì, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tó ń ké bí ọmọ ológbò, àti oyún Joelle ọmọ mi. Ti Joelle ló wúwo jù. Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ kí yín, ẹ má bínú, ó ti rẹ̀ mí ni. Ṣé orúnkún yín ń san díẹ̀díẹ̀? Ṣé Harlan ọkọ yín ń jẹun dáadáa?

Oyún náà ti pé oṣù méje, a ò sì tíì gbàgbé àwọn méjì tó bà jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Joelle fẹ́ ṣe àpèjẹ fún un ní Omaha kó tó bímọ, bí a ti máa ń ṣe. Àmọ́ bíi ti Halloween, ọdún tí a fi ń ṣeré iwin ní oṣù Kẹwàá, ni wọ́n fẹ́ ṣe é, kí àlejò máa múra bí iwin àti àjẹ́. Maureen, ìyàwó mi, ló máa ń yan káàdì nílé wa nígbà ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Joelle fi fi mẹ́ta ránṣẹ́ pé kí n bá òun yan ọ̀kan. Elégédé tí wọ́n dé ní fìlà ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Iwin kékeré nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ náà wà. Ìkẹta ni obìnrin tó jẹ́ kìkì eegun, tí eegun ọmọ ká jọ sínú ikùn rẹ̀.

Mo ju ìkẹta yìí sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, mo sì pe Joelle pé elégédé ni kó mú.

"Dádì, eegun yẹn lèmi fẹ́."

Mo ní, "Ta ní í ya òkú sára káàdì ọmọ?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń so eegun oníke mọ́ ẹnu ọ̀nà ní Halloween nígbà tí mo wà ní kékeré?"

"Eegun tiwa kò lóyún."

Ó rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Mo ní bó bá fi káàdì yẹn pe èèyàn, kó má retí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Joelle wá ní, "Dádì, àwọn méjì tó lọ ò pẹ́ débi tí wọ́n máa fi ní eegun. Nígbà tí eléyìí pé oṣù márùn-ún, wọ́n fi ẹ̀rọ yàwòrán inú mi nílé ìwòsàn, mo rí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo jókòó, mo ń kà á."

Mo ní kó dúró, mo lọ mú káàdì náà jáde, mo gbé awò sójú, mo kà á. Mẹ́tàlá ni wọ́n yà sí ẹ̀yìn ọmọ náà. Mo sọ fún un pé wọn ò yà á pé. Ó ní òun mọ̀.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kó tẹ káàdì eegun náà. Káàdì tiyín tó fi ránṣẹ́ sí mi ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé ó burú.

Ẹ bá mi kí Harlan, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá béèrè mi. Mi ò ní aṣọ iwin, mi ò sì ní rà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá, ni àpèjẹ, àmọ́ bí táyà bá jò lójú ọ̀nà, mo fẹ́ kí ọjọ́ ṣì kù nílẹ̀. Bí ẹ óò bá mi lọ, ẹ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yín. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, ni mo ń gbéra.

Àbúrò yín ní tòótọ́,
Verlin