Wáyà Ilé Òṣùwọ̀n

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti wọlé ọkọ o. Ẹ̀yin nìkan lojú mi ń wá lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi dára, àfi pé ṣúgà ló fi ń mu gààrí bí ọmọdé. Kí lẹ bá ti sọ sí i?

Mo ṣì ń gbálẹ̀ níléeṣẹ́ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Èjìgbò. Iléeṣẹ́ ńlá tó bí i, tó wà ní Ìbàdàn, ti ní kó máa dá dúró. Gbogbo kọ̀ǹpútà wa ló so mọ́ tiwọn, a sì gbọ́dọ̀ já a. Ni ọ̀gá wa bá pèpàdé, wọ́n ya gbogbo wáyà sórí ìwé gbàǹgbà kan.

Tábìlì ni mò ń nù tí mo fi yọjú wò ó. Mi ò rí ilé òṣùwọ̀n, níbi tí a ti ń wọn ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀, níbẹ̀! Bàbá, èmi tí mò ń gbálẹ̀ mọ wáyà tó gba ẹ̀yìn fìríìjì lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá já a láìmọ̀, òṣùwọ̀n ò ní ṣiṣẹ́, ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn á sì rà sílẹ̀ lójú wọn.

Mo fẹ́ dákẹ́. Ta ni mí, tí mi ò kà ju pírámárì fáìfù lọ? Àmọ́ mo rántí ìgbà tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín pín oko. Ẹ ò kọ́kọ́ gbé àdá. Ẹ jọ rìn ín yí po ni, ẹ ń so àkísà mọ́ igi, pupa tiyín, funfun tiwọn.

Mo bá sọ ọ́, bí ẹni tí ò fẹ́ kí adìyẹ tó sàba dìde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn fìríìjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n figbe ta! A so àkísà mọ́ gbogbo wáyà lọ́sẹ̀ yẹn. Mẹ́ta mìíràn tún yọjú tí kò sí lórí ìwé.

Sátidé yìí la máa já a. Wọ́n kọ ọ́ sínú ètò pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan wáyà, àfi tí mo bá rí i pé òṣùwọ̀n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tiwa, tí mo sì kígbe láti ibẹ̀ pé ó yá. Èmi náà ni kí n kígbe! Ọkọ mi ní kí n máa fi igbe náà dánra wò lẹ́yìnkùlé. Lánàá, ìyá ọkọ mi sáré jáde, wọ́n rò pé à ń jà.

Ṣé ẹ máa gbọ́ mi lọ́run lọ́hùn-ún?

Èmi ni, ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ yín.