Ẹ̀bẹ̀ Nípa Irin Ìtúsílẹ̀ Ojóbó Ìkookò

Abúlé Birch Bend,
Etí Odò Yukon,
Alaska.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Òfin Okùn Dídẹ,
Fairbanks,
Alaska.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

KÍ IRIN ÌTÚSÍLẸ̀ WÀ NÍ ẸNU OJÓBÓ, KÌ Í ṢE NÍ ÌDÍ OKÙN

1. Èmi ni Eudora Pitka, aya Cosmas Pitka tó di olóògbé ní oṣù Ẹrẹ́nà. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni a ti jọ ń dẹ okùn onírin fún ìkookò. N kò kọ̀wé láti ní kí ẹ fòfin de okùn dídẹ. Nígbà òtútù tó kọjá, ìkookò wọ àárín ilé, wọ́n pa àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ yìnyín wa níbi tí a so wọ́n mọ́.

2. Òfin yín ní kí gbogbo ojóbó ní irin ìtúsílẹ̀, èyí tí yóò mú ìkookò dúró, ṣùgbọ́n tí yóò já bí múùsì, ẹran bí àgbọ̀nrín tó ga ju ẹṣin lọ, bá fà á. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbà kí ẹni tó bá wù fi irin náà sí ẹnu ojóbó, kí ẹni tó bá wù sì fi sí ìdí okùn, níbi tí a so ó mọ́ igi. Ti ìdí okùn ló rọrùn láti ṣe, òun náà ló kún abúlé wa.

3. Lester Pitka, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, dẹ tirẹ̀ bí ìwé yín ṣe wí. Abo múùsì kan ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Irin ìdí okùn já lóòótọ́, ẹran náà sì lọ, ṣùgbọ́n ojóbó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fún un sí i bó ṣe ń rìn. Nígbà tí a rí i lẹ́yìn ilé wa, ẹsẹ̀ náà ti ń rà. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í.

4. Àsìkò ọdẹ ti parí, ọkọ mi kò sì fẹ́ yìnbọn láìgbàṣẹ. A pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹran ìgbẹ́. Wọ́n ní ìjì kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra, kí a ṣì dúró. A dúró títí ẹran náà fi wó lulẹ̀. Ọkọ mi wá mú ohun tí a fi ń gé wáyà. Mo ní, “Bàbá Ellen, ẹ má lọ.” Ó ní, “Ìyá Ellen, ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń mí ni?” Ó gé wáyà náà. Ẹran náà dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi kò dé ẹnu ọ̀nà ilé kó tó dákẹ́.

5. Òṣìṣẹ́ tó wá ṣèwádìí sọ pé kò sẹ́ni tó rú òfin. Òótọ́ ni, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Lester kò lè wo ojú mi mọ́. Nígbà ìnáwó òkú, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo ní, “Ọmọ mi, ìwọ kọ́ lo pa á.” Ó dáhùn pé, “Ìyá kékeré, wáyà tèmi ni.”

6. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á láṣẹ kí irin ìtúsílẹ̀ wà ní ẹnu ojóbó, kí ojóbó lè tú pátá, kí wáyà má bá ẹran lọ. Kí a sì so okùn mọ́ igi tó fìdí múlẹ̀. Bí a bá so ó mọ́ ìtì igi tí ẹran lè máa wọ́ lọ, irin náà kò ní já láéláé. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ní ìkookò yóò máa bọ́. Òótọ́ ni, díẹ̀ bọ́ mọ́ èmi àti ọkọ mi lọ́wọ́, nítorí ti ẹnu ojóbó ni àwa ń lò. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bọ́.

7. Oṣù Bélú ni okùn dídẹ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Lester wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé èwo ni kí òun lò. Mo fi ti ẹnu ojóbó hàn án, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dẹ okùn lókè odò kò mọ Cosmas, wọn kò sì mọ̀ mí. Ìwé yín nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín,
Eudora Pitka (Ìyáàfin),
Adẹkùn, Birch Bend.