Àtàǹpàkò Tí O Fi Dá Mi Lóhùn

Lẹ́yìn Ọjà Santana,
Ìlú Benin.

Ọlálékan, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Adébùkọ́lá ìyàwó mi, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Àbújá. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ṣú. Ọlọ́run tó mú wa rí oṣù yìí á mú wa rí àmọ́dún lórí ẹsẹ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀olúwa ọmọ rẹ ń ṣe dáadáa ní yunifásítì níbí, ó ti sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní o. Ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ń lọ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti so èso. Àwọn ará ọjà ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní kí ni ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin fẹ́ fi ìwé ṣe, ṣé iṣẹ́ ìjọba ni mo fẹ́ lọ gbà. Mo ní kí wọ́n máa wò ó, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí báǹkì, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ gbé íǹkì sílẹ̀ kí n wá tẹ̀ka bí ìṣe mi. Mo ní kó gbé e kúrò, kó fún mi ní bíró. Ó ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù, ó ń ka ìbéèrè, mo ń kọ ìdáhùn. Nígbà tó béèrè iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: akẹ́kọ̀ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn sí mi ni. Orúkọ mi gba ìlà méjì, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń kùn, mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà yìí nìyí. Ní Sátidé, Fọláyẹmí, ọmọ yunifásítì tó jẹ́ tíṣà wa, kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù. Mo jókòó ti tèmi láti ìgbà tí mo ti gbé ẹ̀wà kaná títí ẹ̀wà fi jóná, mo kọ ọ́ sí ọ pé, "Lékan, mo ti mọ̀wé. Èmi ìyá rẹ ni." Bí mo ṣe fi í ránṣẹ́, fóònù fúnra rẹ̀ máàkì í, ó fa igi kékeré méjì sí i bí tíṣà ṣe ń fà á sí ohun téèyàn bá gbà. Nígbà tó yá, igi méjèèjì di búlúù, mo mọ̀ pé ọ̀gá tíṣà ló fi bíró tirẹ̀ tún un yẹ̀ wò. Mo jó yí ìkòkò ẹ̀wà ká.

Ìgbà náà ni èsì rẹ dé. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo.

Ọmọ mi, àyà mi já. Ohun tí mo fi ogójì ọdún tẹ̀ ní báǹkì, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ìwọ fi dá mi lóhùn! Mo fi han Ìmọ́lẹ̀olúwa, ó ní gbogbo èyí tí o ti ń fi ránṣẹ́ sí òun tẹ́lẹ̀ náà, àtàǹpàkò ni. Ó ní, "Mama, no vex, e mean say e don hear." Ọmọ rere ni, kò fẹ́ tú àṣírí baba rẹ̀. Mo wá bi Fọláyẹmí pé ṣé èèyàn lè kàwé yege kó tún gbàgbé. Ó ní ohun téèyàn ò bá lò, ó lè lọ.

Má tijú. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo ṣí àpótí mi, mo kó lẹ́tà mẹ́tàlá tí o kọ sí mi láti ilé ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ jáde. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kà wọ́n fún mi nígbà náà, bó bá sì ti kà á tán, ohun kan náà ló máa ń sọ: ó kí yín, owó ti tán. Lékan, mo ti fi ojú ara mi kà wọ́n báyìí. Nínú ìkẹrin o kọ ọ́ pé, "Màmá, mo lá àlá yín lánàá, ẹ̀ ń pè mí wá jẹun." Ẹnikẹ́ni ò ka ìyẹn fún mi rí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni gbólóhùn yẹn fi dúró dè mí nínú àpótí.

Ọwọ́ tó kọ ìyẹn ò lè ti kú. Mo ti bá ọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì wa, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí o wá, fi owó ìwé ìkọ̀wé méjì ránṣẹ́, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tìrẹ, kí o fi ti awò ojú kún un, torí bí o ṣe ń kọ̀wé wínníwínní nígbà náà, ó ń pa mí lójú. Kí o sì kọ̀wé sí mi. Ìlà kan péré tó. Bí o bá ṣì í, màá bá ọ tún un ṣe, mi ò ní bú ọ.

Ohun tí o mọ̀ kò ní sọnù mọ́ ọ lórí. Ọmọ tìrẹ náà á kọ ohun tí wàá máa kà sí ọ, ojú rẹ á sì ríran kà á. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Motọ́lání Èṣùbíyì.
Èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò tẹ̀ka.