Ẹni Tó Ń Sunkún Lẹ́yìn Jésùtọ́pẹ́

Òrè,
Ọjọ́ Ẹtì.

Jàmíátù ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ inú wọ́ọ̀dù rẹ ńkọ́? Kí Ọlọ́run gbà wọ́n lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, kó sì fún ìwọ náà ní ìsinmi. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ọmọ kan wà ní Omifunfun tí mo máa ń lọ tọ́jú, Jésùtọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Jẹjẹrẹ ti wọ egungun itan rẹ̀. Ọsibítù dá òun àti ìyá rẹ̀ padà sílé pé kò sí ìwòsàn mọ́, wọ́n sì fún wọn ní mọfíìnì olómi kí ọmọ má bàa jẹ̀rora. Ìyá rẹ̀ kò fún un. Aládùúrà ni wọ́n; ó ti kọ́ ọmọ pé ẹni tó bá fẹnu jẹ́wọ́ ìrora ti lé ìwòsàn padà. Bí mo bá bi í, á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ara mi ti yá, ògo ni fún Jésù." Ìyá á sì gbé igo òògùn padà sórí pẹpẹ àdúrà.

O rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa, pé ohun tí aláìsàn bá pè ní ìrora ni ìrora. Èwo wá ni ká ṣe fún ọmọ tó ní kò sí? Kò jẹun, ó ń bì, òógùn bò ó, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò, síbẹ̀ ẹ̀rín yẹn kò kúrò lójú rẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn.

Lánàá, lọ́sàn-án gangan, mo bi í bóyá ó rí oorun sùn. Ó ní, "Ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mi ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ó ń sunkún ṣáá." Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòmù lásán ni, ṣùgbọ́n ó jìn wọnú bí ibi tí ènìyàn sùn sí. Ìwọ tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé o kì í wọ mọ́ṣúárì láìṣe àdúà, lánàá ẹ̀rù ba èmi náà! Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́; ti ọmọ yìí kò dákẹ́.

Mo ṣáà ṣe iṣẹ́ mi. Mo ní, "Ibo ló ń dun ẹni náà?" Ó ní itan ni, bí irin gbígbóná, ó ní èébì ń gbé e, ẹ̀rù sì ń bà á. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ará ilé náà ń gbọ́ ẹkún ọ̀hún láti yàrá kejì, bí àwọn bá sì wọlé, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ó gbé igo wá: "Nọ́ọ̀sì, ẹ fún un, ẹni yòówù kó jẹ́."

Mo wọn òògùn, mo bi ọmọ pé ẹnu ta ni kí n dà á sí. Ó wo ìyá rẹ̀ títí. Ẹ̀rín náà kúrò. Ó ní, "Tèmi ni. Màámi, ó ń dùn mí." Ó bú sẹ́kún, ó mu ún, nígbà tó ṣe díẹ̀ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tú sílẹ̀, ó sùn.

Kí Ọlọ́run dá wa sí fún àwọn ọmọ yìí, kí iṣẹ́ yìí má gba ẹ̀rín lẹ́nu wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ìwé nọ́ọ̀sì,
Olútóyìn.

Mo tún rántí: bí mo ṣe ń lọ, mo bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹkún tí ọmọ sun yẹn ni wọ́n máa ń gbọ́. Ó mi orí pé rárá. Ó ní ohùn òun ìyá gan-an ni àwọn máa ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé.