Agogo Mẹ́wàá fún Onípátá Pupa

Kí n tó kí yín rárá, ẹ gba gbèsè yín. Agogo mẹ́wàá ni. Mo lù ú láàárọ̀ òní lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran yín ní Ìgèdè, mo sì ń jẹ́ kí ìró ọ̀kan tán kí n tó lu òmíràn. Kò dín kan.

Bàbá mi àtàtà, ẹ kú àtijọ́.

Mo ti wá mọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ kí á lu agogo lọ́jọ́ ìsìnkú yín. Àìsàn la rò pé ó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, a kò sì lù ú. Ẹ rántí ẹgbẹ́ oníjàkadì ará Jàpáàn tí ẹ máa ń fi hàn ní ilé ìwòran, tí kásẹ́ẹ̀tì wọn dédé dáwọ́ dúró, tí ẹ ń retí tuntun títí? Ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́ rí ìtàn wọn lórí fóònù, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Dátà tó jẹ kò kéré, ṣùgbọ́n n kò kà á sí yín lọ́rùn.

Oníjàkadì tí ẹ ń pè ní Onípátá Pupa ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tó bínú kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Èrò ń kún gbọ̀ngàn wọn nígbà náà. Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n kọ̀ wọ́n sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ta ilé rẹ̀ kó lè san owó àwọn tó kù. Ẹ mọ ẹni tó dúró tì í dópin? Ará Ìjàn! Ẹ̀yin náà ṣeré o, Bàbá. Orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu yín, lẹ bá sọ ọ́ lórúkọ ìlú kan nílẹ̀ wa níbí. Mo dé pírámárì kẹrin kí n tó mọ̀ pé kò ní ẹbí kankan ní Ìjàn. Mo tilẹ̀ ti fojú wá a lọ́jà wọn.

Mo wo ọjọ́ ìkẹyìn wọn lórí fóònù náà. Gbọ̀ngàn kékeré ni, àga ò sì kún. Onípátá Pupa ṣubú, èmi náà ń pariwo bíi tiyín: Dìde, ọmọkùnrin! Ó dìde. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn tẹríba, wọ́n lu agogo mẹ́wàá, bí wọ́n ti ń ṣe fún oníjàkadì wọn tó bá kú. Onípátá Pupa wá fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná. Kí ló dé tí ẹ kò ṣàlàyé fún wa?

Ilé ìwòran yín náà ti ń kú. Gbogbo èèyàn ló ní fóònù báyìí. Jẹnẹrétọ̀ ń mu èrè ibẹ̀, ó tún ń mu ti ìsọ̀ mi ní Fájuyì mọ́ ọn. Ẹnìkan fẹ́ gbà á, kó máa kó oúnjẹ adìyẹ sí i. Owó rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àga yín ẹnu ọ̀nà ńkọ́, èyí tí ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ kan lé? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti ibẹ̀. N kò kàn fẹ́ tì í láìgbọ́ tẹnu yín. Agogo òní, tiyín ni. Bí ẹ bá gbà, màá lu mẹ́wàá mìíràn fún ilé náà, màá sì fọwọ́ ara mi pa iná.

Sátidé ni ẹni tó fẹ́ gbà á ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá sọ tẹnu yín fún mi lójú oorun kó tó dé.

Èmi ọmọ yín, tí kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀,
tó ń retí yín lọ́jọ́ Furaidé.